Dókítà ń wọlé tọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, síbẹ̀ kò béèrè: ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru Franklin Roosevelt

Tí ẹ bá bi ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún pé kí ló dé tí kò lọ yẹ ara rẹ̀ wò, ẹ ó gbọ́ pé kò sówó, kò sáyè, ọ̀nà jìn, èrò pọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ wọn, n kò sì ní bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ jiyàn. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí a wo ọkùnrin kan tí kò ní èyíkéyìí nínú àwọn àwíjàre wọ̀nyí. Owó kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Kò tò sórí ìlà rí nílé ìwòsàn. Dókítà ló ń wá bá a ní yàrá. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ń gòkè lára rẹ̀ fún bí ọdún mẹ́jọ kí ó tó pa á, dókítà tó sì tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn òun kò fìgbà kan béèrè ìdí tí wọ́n fi ń yẹ òun wò.

Ọkùnrin náà ni Franklin Delano Roosevelt, tó ṣe Ààrẹ Amẹ́ríkà láti ọdún 1933 títí di ọdún 1945. Mo mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá nítorí pé tí a bá ti yọ owó, ọ̀nà jíjìn àti èrò kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti àyẹ̀wò, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ìdí gan-an. Lára rẹ̀ ni a ti lè rí i kedere.

Kí ó tó di ọdún 1944

Ọdún 1882 ni wọ́n bí i. Ní ọdún 1921, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 39, àìsàn kan kọlù ú tí wọ́n pè ní àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Láti ìgbà náà ni ó ti kọ́ bí a ti ń fi àìlera pa mọ́. Á fi irin de ẹsẹ̀, á di apá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, á sì dìde sọ̀rọ̀ níwájú èrò bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn kì í sábà ya kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀. Ẹni tó ti lo ọdún púpọ̀ báyìí láti fi han ayé pé ara òun le, kí wọ́n tó lè dìbò fún un, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í yára sọ fún dókítà pé ó rẹ òun.

Dókítà rẹ̀ ni Ross McIntire, oníṣègùn kan láàárín àwọn ọmọ ogun ojú omi. Etí, imú àti ọ̀fun ni McIntire kọ́ṣẹ́ nípa rẹ̀, ó sì bá a mu lójú àwọn tó yàn án, torí pé imú dídí ló máa ń yọ Ààrẹ lẹ́nu jù. Ojoojúmọ́ ni ó ń yọjú sí i. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dì í lọ́já lápá, wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1935, 136/78 ni wọ́n kà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1937, ó ti di 162/98. Ní oṣù Kejì ọdún 1941, 188/105.

Fún ẹni tí kò mọ bí a ti ń kà á: nọ́ńbà ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀, ti ìsàlẹ̀ ni ìgbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kí ó tó tún lù. Tí ó bá ń dé 140/90 léraléra, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2017, àwọn oníṣègùn ọkàn ti fa ìlà tiwọn sí 130/80. Èyíkéyìí tí a bá lò, Roosevelt ti kọjá ààlà láti ọdún 1937. Wọ́n rí i, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n pa ìwé dé.

A ò gbọdọ̀ bú McIntire ju bó ti yẹ lọ. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àgbà oníṣègùn gbà pé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru sókè bí ènìyàn ti ń dàgbà, ara ló ń fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, pé ewu ni kéèyàn fọwọ́ kàn án. Kò sì sí oògùn tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láti mú un wálẹ̀. Màá padà sórí kókó yìí, torí pé òun ló ya ọ̀rọ̀ Roosevelt sọ́tọ̀ sí ti ọkùnrin òde òní.

Anna ló fà á

Nígbà tí ọdún 1944 bẹ̀rẹ̀, ogun àgbáyé kejì ń gbóná janjan, ara Ààrẹ kò sì yá. Ikọ́ kò jẹ́ kó sinmi. Ó ń rẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Oorun máa ń gbé e lọ nídìí ìwé tó ń kà. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè máa lọ báyìí ni Anna, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, tó ti padà wá bá a gbé ní White House. Anna ló ko McIntire lójú, ló ní kí wọ́n gbé bàbá òun lọ fún àyẹ̀wò tó péye.

Ẹ wò ó dáadáa. Ààrẹ tó ń pàṣẹ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ogun, ọmọ rẹ̀ ló bá a wá àyè láti rí dókítà. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń rí nínú ilé tó pọ̀: ìyàwó, ọmọ, tàbí àbúrò obìnrin ni í dá ọjọ́ fún ọkùnrin. Àwọn kan á ní ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Obìnrin tó bá ti lóyún rí, wọ́n ti di ọ̀já mọ́ ọn lápá títí ó fi mọ́ ọn lára. Ó ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ti mọ ilẹ̀kùn ibẹ̀, ó ti mọ orúkọ nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin lè kúrò lọ́mọ ogún ọdún kó di àádọ́ta láìsí nǹkan kan tó mú un wọ ilé ìwòsàn, àyàfi bí ó bá ṣubú. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí ayé là sílẹ̀ fún un sí ibẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 1944, wọ́n gbé Roosevelt lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Bethesda. Howard Bruenn, ọ̀dọ́ oníṣègùn ọkàn, ló yẹ̀ ẹ́ wò. 186/108 ni ìfúnpá rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Omi ti ń gbá jọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí ikọ́ kò fi lọ: ọkàn ti ń kùnà láti ti ẹ̀jẹ̀ síwájú. Ẹnu ya Bruenn, torí òtútù àyà lásán ni wọ́n ti ń pe ohun tí òun rí yìí.

Ó ní kí Ààrẹ dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, kí wọ́n fún un ní digitalis, oògùn tó ti pẹ́ tí wọ́n fi ń fún ọkàn lágbára, kí iyọ̀ oúnjẹ rẹ̀ dínkù, kí ó fọn díẹ̀, kí ó sì dín sìgá kù. McIntire ní kò ṣeé ṣe, pé Ààrẹ ni ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n pe àwọn àgbà oníṣègùn mìíràn jọ kí wọ́n tó fẹnu kò sí ibì kan. Wọ́n fún un ní digitalis. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́, ikọ́ lọ, oorun padà. Sìgá tó ń fà, tó máa ń tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, wá sílẹ̀ sí bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ó lọ sinmi ní ìpínlẹ̀ South Carolina fún bí oṣù kan.

Lójú àwọn oníròyìn, McIntire ní ara Ààrẹ dá fún ẹni ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n sì ti pàṣẹ fún Bruenn pé McIntire nìkan ni kí ó máa jábọ̀ fún. Kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún aláìsàn, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹbí.

Kí ló dé tí kò béèrè?

Láti ìgbà náà, Bruenn ń wá wò ó lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀. Ó ń di ọ̀já mọ́ ọn lápá, ó ń gbé ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù wá, ó ń fún un ní oògùn. Ní ọdún 1970, lẹ́yìn ọdún 25 tí ọkùnrin náà ti kú, Bruenn gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn. Níbẹ̀ ló ti sọ pé Ààrẹ kò fìgbà kankan béèrè ìdí tí òun fi ń wá léraléra bẹ́ẹ̀, kò béèrè ohun tí àyẹ̀wò náà wà fún, kò sì béèrè irú oògùn tí òun ń fún un lò.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni tí kò fẹ́ràn ìbéèrè. Ó fẹ́ mọ ibi tí ọkọ̀ ojú omi kọ̀ọ̀kan dúró sí. Ó fẹ́ mọ iye ìbò tí wọ́n dì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ara tirẹ̀ nìkan ni kò fẹ́ mọ̀.

Èrò tèmi ni pé ìṣirò ló ṣe, ìṣirò náà sì mọ́gbọ́n dání. Ìbò ń bọ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1944. Tí ó bá béèrè, wọ́n á sọ fún un. Tí wọ́n bá sọ fún un, ó di dandan kí ó yan ọ̀kan nínú méjì: kí ó sọ fún ìlú, tàbí kí ó purọ́. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì béèrè, ó lè fi ọkàn kan sọ pé, "Dókítà mi ní ara mi dá." Àìmọ̀ fún un ní òmìnira. Ó wọlé ní ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Ọkùnrin tí kò sí nípò kankan ń ṣe ìṣirò kan náà. Ó ní ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́, ó ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́, ó ní ọ̀gá tó lè rí i pé ara rẹ̀ kò gbé e mọ́. Bí kò bá tíì lọ fún àyẹ̀wò, àìsàn náà kò tíì di tirẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sórí káàdì ni ó di aláìsàn, ọjọ́ náà ni oògùn ojoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n máa ní kó yé mu èyí, kó yé jẹ tọ̀hún. Àwọn míì ti gbọ́ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú kí nǹkan ọkùnrin má ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn oògùn kan nínú wọn lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, a sì lè fi òmíràn pààrọ̀ wọn. Èyí tí wọn kì í gbọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ máa ń ba iṣan ibẹ̀ jẹ́, tó fi jẹ́ pé nígbà míì, ìṣòro lórí ibùsùn ni àmì àkọ́kọ́ pé ọkàn wà nínú ewu. Nítorí náà, tí ẹ bá pe irú ọkùnrin yìí ní òmùgọ̀, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Iye tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ìṣirò náà ni kò pé.

Àìmọ̀ náà sì rọrùn torí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àwọn tó ní i láàárín ẹni ọdún 30 sí 79 tó bílíọ̀nù 1.28, pé ìpín 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò mọ̀ pé àwọn ní i. Ẹni tó bá ní ìrora eyín kò nílò ìwàásù kankan.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Àìbéèrè ọkùnrin máa ń tu àwọn tó yí i ká náà lára. McIntire kò fẹ́ di ẹni tó gbé ìròyìn burúkú wá. Ẹgbẹ́ òṣèlú Ààrẹ kò ní ẹlòmíràn tó lè wọlé bíi tirẹ̀. Nínú ilé tí gbogbo ẹnu ń jẹ lára ọkùnrin kan, bẹ́ẹ̀ náà ló rí: níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń jáde láàárọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ó dúró kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní White House, ẹni tó ni ara dákẹ́, dókítà dákẹ́, olùrànlọ́wọ́ dákẹ́.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1945

Ní oṣù Kejì ọdún 1945, ó rìnrìn àjò lọ sí Yalta, ìlú kan ní Soviet Union, láti bá Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti Stalin, olórí Soviet Union, jókòó. Àwọn tó rí i níbẹ̀ sọ pé ó ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn. Ní òpin oṣù Kẹta, ó lọ sinmi ní Warm Springs, ìpínlẹ̀ Georgia. Ní ọ̀sán ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, bí ayàwòrán kan ti ń ya àwòrán rẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun gidigidi ní ìpàkọ́, ó sì dákú. Nígbà tí Bruenn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìfúnpá tó kà ju 300/190 lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ti bẹ́ nínú ọpọlọ. Ó kú ní aago mẹ́ta ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni ọdún 63 ni.

Harry Truman, igbákejì rẹ̀, kò tíì lò ju ọjọ́ 82 lọ nípò. Ẹ̀yìn tó búra tán ni wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù átọ́míìkì fún un kúnnákúnná.

Àwíjàre tó ti pẹ́ jù

Ẹ jẹ́ kí n ṣe agbẹjọ́rò Roosevelt díẹ̀. Ká ní ó béèrè ní ọdún 1941, kí ni wọn ì bá ṣe fún un? Wọn ì bá ní kó sinmi, kó dín iyọ̀ àti sìgá kù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀. Bóyá ọjọ́ rẹ̀ ì bá gùn díẹ̀ sí i, bóyá kò ní gùn. Àìmọ̀ tirẹ̀ kò fi púpọ̀ dù ú nínú ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ìgbà náà lè fún un.

Ayé yẹn ti lọ. Ní ọdún 1948, Truman fọwọ́ sí òfin tó dá ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ọkàn sílẹ̀. Ọdún kan náà ni ìwádìí bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Framingham, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórí àwọn ènìyàn 5,209, ibẹ̀ ló sì ti wá hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn rìn, kì í ṣe ohun tí ara fi ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1958, oògùn chlorothiazide jáde, tó ń jẹ́ kí iyọ̀ àti omi bá ìtọ̀ lọ. Ní ọdún 1967 ni ìwádìí tó pa ẹnu mọ́ àwọn oníyèméjì jáde láti ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà. Ọkùnrin 143 ni, gbogbo wọn pátá, tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn wà láàárín 115 sí 129. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn gidi, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní nǹkan nínú. Lára àwọn tí kò gba oògùn gidi, ẹni 27 ni ewu ńlá bá, àwọn kan sì kú. Lára àwọn tó lo oògùn, ẹni 2 péré.

Ẹni tó bá ń sọ pé gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí kò wúlò kò parọ́ pátápátá o. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí 17 jọ, tó kan àwọn ènìyàn tó lé ní 250,000, wọ́n sì rí i pé kí a kàn máa pe àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá láti yẹ̀ ẹ́ wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kò dín ikú kù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún jẹjẹrẹ próstéètì náà ní àríyànjiyàn tirẹ̀: ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2018, ohun tí ìgbìmọ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn sọ ni pé kí ọkùnrin ẹni ọdún 55 sí 69 bá dókítà rẹ̀ jíròrò rẹ̀, kí ó fúnra rẹ̀ pinnu. Ọkùnrin tó bá fẹ́ béèrè "kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?" kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí nínú àríyànjiyàn yìí. Ìgbìmọ̀ kan náà ní kí ẹni tó bá ti tó ogójì ọdún máa wọn ọ́n lọ́dọọdún. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, wọn kì í sì í gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ fún un.

Los Angeles

Tí ọkùnrin kò bá ní ẹnu ọ̀nà sí ilé ìwòsàn, àwọn kan ti gbìyànjú láti gbé àyẹ̀wò lọ bá a. Èyí tó mọ́ jù lójú tèmi ni ti Los Angeles, tí oníṣègùn Ronald Victor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2018. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ 52 tí àwọn aláwọ̀ dúdú ni ni wọ́n lò, pẹ̀lú ọkùnrin 319 tó máa ń gẹrun níbẹ̀, tí nọ́ńbà òkè wọn tó 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pín àwọn ìsọ̀ náà sí ọ̀nà méjì. Ní apá kan, onígbàjámọ̀ ń gba oníbàárà rẹ̀ níyànjú pé kí ó tọ́jú ara, kí ó lọ rí dókítà. Ní apá kejì, apòògùn ń wá jókòó sínú ìsọ̀ náà gan-an, ó ń wọn ìfúnpá, ó sì ní àṣẹ àwọn dókítà láti kọ oògùn fún ọkùnrin náà níbẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́ńbà òkè àwọn tí onígbàjámọ̀ gbà níyànjú fi 9.3 wálẹ̀. Ti àwọn tí apòògùn bá nínú ìsọ̀ fi 27 wálẹ̀. Lára àwọn ti àkọ́kọ́, ìpín 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló wálẹ̀ sábẹ́ 130/80. Lára àwọn ti kejì, ìpín 63.6.

Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni wọ́n sọ fún ìhà méjèèjì, láti ẹnu ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ìyàtọ̀ ni pé ní ìhà kejì, kò sí àlàfo láàárín nọ́ńbà àti oògùn, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ọkùnrin lè fi rò ó títí yóò fi gbàgbé. Apòògùn kò dúró de ìgbà tí wọ́n bá bi í. Èyí ni mo rò pé ó kan gbogbo ẹni tó ń di ọ̀já mọ́ ọkùnrin lápá, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì, apòògùn, tàbí ọmọ tó ra ẹ̀rọ sílé: sọ nọ́ńbà méjèèjì fún un tààrà, kọ wọ́n sílẹ̀ fún un, kí o sì sọ fún un kí ó tó dìde ọjọ́ tí wọ́n máa tún un wọ̀n àti ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n.